Fèrèsé Ẹ̀gbẹ́ Ojú Irin

"Pupa ti dé o. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ lẹ́yìn, kó jókòó síbẹ̀."

Damaris ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan lé pèpéle ibùdókọ̀ Fullerton, ẹsẹ̀ kejì ṣì wà nínú ọkọ̀ tó gbé wọn wá. Níbi tí à ń wí yìí, ọkọ̀ ojú irin méjì ló máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láàárọ̀, pèpéle kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Ọ̀kan ni Pupa, èyí tí í sáré wọ ihò lábẹ́ ilẹ̀ kó tó dé àárín ìlú Chicago. Èkejì ni Búráùn, èyí tí kì í sọ̀ kalẹ̀ lórí òpó irin títí yóò fi dé ibi tó ń lọ. Pupa fi ìṣẹ́jú mẹ́fà yá ju Búráùn lọ, kò sì sí ọmọ ilé ìwé wọn tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nohemi kò dìde. Ó fi ọwọ́ nu omi ìkùukùu kúrò lójú dígí, ó tẹjú mọ́ ìta. "Máa lọ. A óò pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé."

"Torí ìyá arúgbó yẹn náà ni?"

"Torí oòrùn ni."

"Oòrùn inú oṣù kìíní? Oòrùn tí kò lè yọ́ yìnyín orí bàtà?" Damaris pòṣé, àmọ́ ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sínú ọkọ̀, ó jókòó tì í. "Ọjọ́ tí wọ́n bá tilẹ̀kùn mọ́ wa síta, ìwọ lo máa ṣàlàyé fún màmá mi."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni àwọn méjèèjì. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, ọ̀rẹ́ wọn sì ti wọra láti ìgbà tí wọ́n ti ń pàdánù eyín iwájú. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kò fi ẹnu kò lé lórí ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀.

Ọ̀dọ̀ baba àgbà rẹ̀ ni Nohemi ti kó ìfẹ́ ọkọ̀ òkè. Anselmo ni orúkọ baba náà. Nígbà tó kọ́kọ́ ti Guatemala dé Chicago, ilé oúnjẹ kan ló ti ń fọ abọ́. Kò gbọ́ èdè, kò mọ ẹnì kan, ẹ̀rù gbogbo ará ìlú náà sì ń bà á. Ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, yóò wọ ọkọ̀ òkè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò tún wọ̀ ọ́ padà. Ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn ni ojú irin náà gbà kọjá, ó sún mọ́ wọn débi pé ó dà bíi pé èrò ọkọ̀ lè na ọwọ́ kan aṣọ tí wọ́n sá. Anselmo rí obìnrin tó ń gé àlùbọ́sà. Ó rí ọkùnrin tó sùn lọ tòun ti ìwé ìròyìn lójú. Ó rí tọkọtaya tó ń bára wọn jà lórí àtẹ̀gùn, tí ọmọ wọn sì ń fi síbí lu abọ́ lẹ́yìn wọn.

"Bí mo ṣe rí i pé àwọn náà ń jà nílé ìdáná," baba á máa wí, "ẹ̀rù wọn ò bà mí mọ́. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ á gbé ara èèyàn débi tó ń lọ. Ọkọ̀ òkè á gbé ojú ẹ̀ dání pẹ̀lú. Nínú ihò, ta ni mo fẹ́ rí? Ara mi nìkan, nínú dígí dúdú."

Bẹ́ẹ̀ ni Nohemi náà ṣe kọ́ láti máa wo ìgbé ayé àwọn ẹlòmíràn bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Nínú gbogbo fèrèsé tó wà lójú ọ̀nà náà, ọ̀kan wà tó jẹ́ tirẹ̀. Kí ọkọ̀ tó dé ibùdókọ̀ Sedgwick, ojú irin ṣẹ́ kọ́ná, awakọ̀ a sì rọra máa wà á. Níbẹ̀, ní àjà kejì ilé bíríkì kan, ìyá arúgbó kan máa ń jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ife kọfí lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti lé lọ́dún kan báyìí, ìyá náà gbé ife rẹ̀ sókè sí ọkọ̀ bí ẹni ń kí ará àdúgbò. Nohemi nìkan ló rí i, ó sì juwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ ilé ìwé kan tí ife kì í gòkè, tí Nohemi kì í juwọ́. Wọn kò gbọ́ ohùn ara wọn rí. Damaris ló sọ obìnrin náà ní Ìyá Oníkọfí.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí à ń wí yìí, ife kò gòkè. Ìyá náà jókòó bí ìṣe rẹ̀, àmọ́ orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú, àgbọ̀n rẹ̀ kan àyà. Àtùpà orí tábìlì ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nohemi juwọ́. Ó tún juwọ́. Ọkọ̀ kọjá.

"Ó sùn lọ ni," Damaris ní. "Àwọn àgbà máa ń sùn."

Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Nohemi kò rò ó mọ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ kejì yìí, Ọjọ́rú, ni ìdánwò tí wọ́n ti ń kàwé sí láti ìgbà ìkórè. Yunifásítì kan fẹ́ mú ọgbọ̀n ọmọ fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì nígbà ẹ̀rùn, àwọn tó sì forúkọ sílẹ̀ lé ní irínwó. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sọ ọ́ kedere pé bí aago mẹ́jọ bá ti lù, wọn yóò ti ilẹ̀kùn. Elvira, ìyá Nohemi, ti gbààwẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí rẹ̀. Láàárọ̀ yẹn, ó se ògì àgbàdo aládùn, ó dúró tì í títí ọmọ fi mu ún tán, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lórí.

Ọkọ̀ kún fọ́fọ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé wọn bíi mẹ́fà ló wà níbẹ̀, olúkúlùkù ń ka ìwé lábẹ́ ẹnu. Nígbà tí ọkọ̀ dé kọ́ná, Nohemi gbójú sókè.

Ìyá náà wà níbẹ̀. Orí rẹ̀ tẹ̀ bó ṣe tẹ̀ lánàá, ṣáálì kan náà wà léjìká rẹ̀. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere, àmọ́ àtùpà ṣì ń tàn.

"Damaris, wò ó. Kò tíì kúrò níbẹ̀ láti àná."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Àtùpà yẹn ṣì ń tàn. Aṣọ àná ló wọ̀. Ife ẹ̀ ti ṣubú sórí tábìlì."

Ó ti dìde kó tó sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́bàá ilẹ̀kùn ọkọ̀, bọ́tìnnì kan wà tí èrò lè tẹ̀ láti bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ó na ìka rẹ̀ sí i.

"Nohemi, jọ̀ọ́, jókòó. O fẹ́ dá odindi ọkọ̀ dúró torí pé arúgbó ń sùn?"

Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì wọn, Tremaine, gbójú kúrò lórí ìwé rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́. Á ní kí awakọ̀ bá òun lọ po kọfí fún màmá."

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo ìka Nohemi, ó tún wo aago. Etí ọmọbìnrin náà gbóná. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó mú fóònù jáde.

"Jẹ́ kí n kúkú pe àwọn pàjáwìrì."

"Kí lo máa wí fún wọn?" Damaris ti rẹ ohùn sílẹ̀ báyìí, ó dì í lápá mú. "Òpópónà wo? Nọ́ńbà wo? 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, fèrèsé kan wà níbì kan'? Gbọ́, ó ní ẹbí. Ó ní aládùúgbò. Ẹlòmíì á ti rí i. Àbí ìwọ nìkan ni Ọlọ́run fún lójú?"

"A lè sọ̀ kalẹ̀ ní Sedgwick, ká rìn padà."

"Ká sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n tilẹ̀kùn. Sọ ìyẹn fún màmá ẹ tó ń gbààwẹ̀."

Ọkọ̀ dúró ní Sedgwick. Ilẹ̀kùn ṣí, òtútù wọlé, ó fẹ́ sí Nohemi lójú. Ó dúró síwájú ilẹ̀kùn náà, fóònù lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju ìgbésẹ̀ kan sí pèpéle. Ẹnì kankan kò dì í mú mọ́. Damaris pàápàá ti fi í sílẹ̀, ó ń wò ó. Bí ó bá pẹ́ jù, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni. Ilẹ̀kùn padé, Nohemi sì jókòó.

Nígbà tí wọ́n dé ibi ìdánwò, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Obìnrin tó ń mú ìwé ìdánwò bọ̀ wà lójú ọ̀nà, yìnyín ti dí i mọ́ ibì kan. Wọ́n ní kí gbogbo ọmọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aago mẹ́wàá ni ìdánwò náà tó bẹ̀rẹ̀.

Wákàtí méjì gbáko. Damaris ra ànàmọ́ díndín oníyọ̀ jáde nínú ẹ̀rọ ìtajà, ó pín in fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Nohemi mú fóònù rẹ̀ jáde, ẹ̀ẹ̀mejì ló dá a padà sínú báàgì. Ó ti mọ ohun tí ì bá sọ báyìí: ilé bíríkì, àjà kejì, kọ́ná tó ṣáájú Sedgwick. Ohun tó dá a dúró ni pé bó bá pè wọ́n nísinsìnyí, wọn yóò bi í pé kí ló dé tí kò pè nígbà tó rí i. Bí a bá fi ohun kékeré falẹ̀, á di ńlá mọ́ni lọ́wọ́. Ó jẹ ànàmọ́ náà. Ó wọlé lọ ṣe ìdánwò rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Nígbà tí wọ́n jáde, gbogbo wọn ló gba Pupa lọ sílé pẹ̀lú ariwo àti ẹ̀rín. Nohemi bá wọn wọ̀ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí inú rẹ̀ dùn pé ọkọ̀ wọ inú ihò.

Lọ́jọ́bọ̀, bí Búráùn ṣe ń rọra yí kọ́ná, fèrèsé náà ti ṣí sílẹ̀ pátápátá nínú òtútù tó ń pa ẹyẹ. Kọ́tíìnì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ jáde síta. Àwọn panápaná méjì dúró nínú yàrá, wọ́n kẹ̀yìn sí ojú irin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sórí nǹkan kan. Ọkọ̀ aláìsàn wà nísàlẹ̀, iná rẹ̀ ń yí, kò dún. Lọ́jọ́ Ẹtì, àga náà ṣófo. Ẹnì kan ti pa àtùpà.

Láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Nohemi kò dúró de kí Damaris tó pè é mọ́. Ọkọ̀ a dé Fullerton, òun ni yóò kọ́kọ́ fò sọ̀ kalẹ̀, tí yóò sọdá sínú Pupa.

Ó rò pé ihò yóò bo òun mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n baba àgbà rẹ̀ ti sọ ọ́ tipẹ́, kò kàn yé e ni: nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, dígí a máa di dúdú, ohun tó wà nínú ọkọ̀ nìkan ni yóò sì máa fi hàn ọ́. Nohemi rí ojú ara rẹ̀. Ó rí ojú náà tó ń wò ó bí ẹni tó ń dúró de ìdáhùn. Lẹ́yìn èjìká rẹ̀, láàárín àwọn èrò, orí kan máa ń wà tó tẹ̀ síwájú, àgbọ̀n rẹ̀ kan àyà. Bó bá yíjú padà, á rí i pé ẹnì kan tó ń wo fóònù ni. Bó bá tún kọjú sí dígí, orí náà á ti tẹ̀ padà. Àwọn iná ara ògiri ihò náà ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí èyí tí kò jọ àtùpà orí tábìlì kan lójú rẹ̀.

Nílé, kò lè tan àtùpà ìkàwé rẹ̀ mọ́. Ó ń kàwé ní ilé ìdáná, lábẹ́ iná àjà, títí ìyá rẹ̀ yóò fi lé e lọ sùn. Òun alára mọ̀ pé òkú kankan kò tẹ̀ lé òun wọ ọkọ̀. Òun kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ìyá náà kú. Àìmọ̀ yẹn gan-an ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dáa, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èsì ìdánwò jáde. Wọ́n mú Nohemi, wọ́n mú Damaris náà. Ìyá rẹ̀ sunkún ayọ̀, ó pe gbogbo ẹbí ní Guatemala lórí fóònù. Nohemi bá wọn sọ̀rọ̀, ó dúpẹ́, ó sì lọ jókòó nínú òkùnkùn yàrá rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni kò jẹ́ kó lè sá mọ́. Àárọ̀ ni, nínú Pupa, lábẹ́ ilẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó ní igun ọkọ̀, ó wọ aṣọ iṣẹ́. Orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú. Nohemi yíjú sí i kó lè rí i pé ẹni tó ń wo fóònù ni, àmọ́ kò sí fóònù kankan lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Apá rẹ̀ kan rọ̀ sílẹ̀ lára àga. Bí ọkọ̀ ṣe ń mì ló ń mì. Àwọn èrò tó yí i ká ń wo ibòmíràn.

"Sà," Nohemi pè é. Kò dáhùn. Ó fọwọ́ kàn án léjìká. "Sà, ẹ jọ̀ọ́."

Kò sí ìdáhùn. Nohemi rìn lọ síbi ilẹ̀kùn, ó tẹ bọ́tìnnì náà kí ọkàn rẹ̀ tó ráyè bá a jiyàn.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ohùn awakọ̀ dáhùn.

"Ọkùnrin kan ni. Mo pè é, kò dáhùn. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń mí."

Ọkọ̀ dúró ní ibùdókọ̀ tó kàn, kò sì kúrò. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, obìnrin kan tó di irun, tó ṣígbọnlẹ̀. Ó gbá ọkùnrin náà léjìká lẹ́ẹ̀mẹta, gbì, gbì, gbì. Ọkùnrin náà la ojú, ó wo gbogbo wọn.

"Kí ló dé? Iṣẹ́ òru ni mo ti ń bọ̀. Ṣé èèyàn ò lè sùn mọ́?"

Òṣé sọ lọ́tùn-ún lósì. "Ó ti jẹ́ ká pẹ́," obìnrin kan ní, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Àwọn ọmọ ìwòyí, wọ́n kàn fẹ́ káyé rí wọn ni." Ẹlòmíràn ti gbé fóònù sókè, ó ń ya Nohemi.

Awakọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí i létí: "O ṣeun. Má dá wọn lóhùn."

Ọkọ̀ gbéra. Etí Nohemi gbóná, ojú ń tì í, gbogbo èrò sì ń wò ó. Ní ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìdajì wọn sọ̀ kalẹ̀. Ní ibùdókọ̀ kejì, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kò mọ nǹkan kan. Ara rẹ̀ ti tutù. Ó jókòó, ó rò ó: ohun tí mo bẹ̀rù náà rèé? Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí? Nítorí ìtìjú ibùdókọ̀ méjì ni mo ṣe fi ìyá yẹn sílẹ̀? Níbẹ̀ ló ti bú sẹ́kún, ẹkún tí kò sun láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bá baba àgbà rẹ̀ nílé ìdáná, níbi tó ti ń yan àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ lórí iná.

"Màmá ẹ ní o ti ń gba inú ihò," baba ní, kò wẹ̀yìn. "Ṣé o ti wá di eku ni?"

"Baba àgbà, mo ṣe nǹkan kan. Àbí, mi ò ṣe nǹkan kan. Ìyẹn gan-an lẹ̀ṣẹ̀ mi."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi nǹkan kan bò. Nígbà tó dé ibi wákàtí méjì tí wọ́n fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àkàrà àgbàdo jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, baba kò yí i padà. Ó pa iná náà nígbà tó yá, ó sì jókòó.

"Ẹ̀bi mi ni ìdajì ẹ̀," ó wí. "Mo kọ́ ẹ láti máa wo èèyàn. Mi ò kọ́ ẹ ní ìyókù."

"Kí ni ìyókù, Baba?"

"Pé tó o bá ti rí wọn, wọ́n ti di tìẹ." Ó pa orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún. "Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a óò lọ síbẹ̀. Èmi pẹ̀lú ẹ."

Wọ́n gba Búráùn lọ. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Sedgwick, wọ́n rìn padà nínú yìnyín tó ti di ẹrọ̀fọ̀ títí wọ́n fi rí ilé bíríkì náà. Àtẹ̀gùn ga, orúnkún Anselmo kò sì lè gùn ún. "Máa gòkè lọ," ó ní. "Ìsàlẹ̀ níbí ni màá wà."

Ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun díẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn. Eruku wà lápá rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn páálí wà káàkiri ilẹ̀, àwọn abọ́ tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé sì kún inú wọn. Nohemi rí fèrèsé náà láti inú ilé. Òpó irin ló kún ojú rẹ̀. Ó sún mọ́ ju bí ó ṣe máa ń rò lọ.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Nohemi Xicay lorúkọ mi. Mo ń wá ìyá tó máa ń jókòó sí fèrèsé yẹn."

"Lionel Hruska ni mí. Màmá mi ni. Irma." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára ṣòkòtò. "Màmá ti ṣaláìsí. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù kan. Ṣé ẹ mọra ni?"

Nohemi ti fura, síbẹ̀ ó di férémù ilẹ̀kùn mú. "Inú ọkọ̀ ni mo ti máa ń kí wọn. Mo rí wọn ní Ọjọ́rú, sà. Orí wọn tẹ̀, iná ń tàn. Mo mọ̀ pé nǹkan ò dáa. Mo ní ìdánwò, àwọn ọ̀rẹ́ mi sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ọkọ̀ kan kọjá níta, àwọn abọ́ inú páálí dún wìnrìn-wìnrìn títí ó fi lọ tán.

"Aago mélòó?" Lionel bi í.

"Aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú, láàárọ̀."

"Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ará ìsàlẹ̀ tó wá wò ó. Ó ṣì ń mí nígbà yẹn. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló kú, nílé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú ọpọlọ."

"Tí wọ́n bá rí wọn ní Ọjọ́rú ńkọ́, sà?"

"Mo bi dókítà ní ìbéèrè yẹn. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe, ó sì lè má ṣeé ṣe." Ó jókòó sórí páálí kan. Ó wo ọmọbìnrin náà fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ sì yí padà bí ẹni tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ yé. "Ìwọ ni ọmọ inú ọkọ̀."

"Sà?"

"Mo bẹ Màmá, mo bẹ̀ ẹ́ títí, pé kó wá bá mi gbé ní Milwaukee. Mo ní àgbà tó tó ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ò gbọ́dọ̀ dá gbé. Ó kọ̀. Ó ní òun ò dá gbé. Ó ní ọmọbìnrin kan wà nínú ọkọ̀ tó ń wo òun láràárọ̀. Ó ní bí nǹkan bá ṣe òun, ọmọ náà á mọ̀."

Nohemi tẹjú mọ́ fèrèsé náà. "Mo mọ̀," ló sọ. "Mo mọ̀, sà."

"Bẹ́ẹ̀ ni." Lionel fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó tún ṣí i. "Mi ò lè sọ fún ẹ pé kò já mọ́ nǹkan kan. Irọ́ ni màá máa pa. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pè é. Àìkú yẹn, bọ́ọ̀lù ni mo ń wò, mo ní tó bá dọ̀la. Mi ò tíì sọ ìyẹn fún ẹlòmíì rí, ìyàwó mi gan-an ò mọ̀."

Lionel kò dárí jì í, kò sì lé e jáde. Nígbà tó yá, ó ní kó bá òun fi ìwé ìròyìn wé àwọn ife tó kù. Nohemi wé wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi tán. Lẹ́yìn náà ló sọ̀ kalẹ̀ lọ bá baba àgbà rẹ̀ tó ń gbọ̀n nínú òtútù.

Nohemi lọ sí ẹ̀kọ́ ìgbà ẹ̀rùn náà. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Damaris. Damaris bínú sí i fún ọjọ́ méjì, ó ní kò yẹ kó tún hú u jáde, kó tó wá jẹ́wọ́ pé orí tó tẹ̀ yẹn kò jẹ́ kí òun náà sùn. Ọ̀rẹ́ wọn kò bà jẹ́, àmọ́ ẹ̀rín rẹ̀ dín kù. Nohemi padà sínú ọkọ̀ òkè. Kì í ṣe pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀ níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́ná náà, àyà rẹ̀ a máa já títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbójú kúrò.

Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ojú yín bá rí ẹni tó wà nínú ewu, ẹ má ṣe dúró wo ẹnu àwọn ẹgbẹ́ yín, ẹ má sì fọkàn sí i pé ẹlòmíràn yóò ti rí i. Ẹ pariwo, ẹ pe àgbà, ẹ pe àwọn tó lè ṣèrànwọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè ṣì í. Ìtìjú ẹni tó ṣì í kì í pẹ́ kó tó tán lára. Ti ẹni tó rí i tó dákẹ́, òun àti rẹ̀ ni yóò jọ máa gbé.